Etí ni ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀: àlàyé lórí dyslexia fún òbí àti tíṣà

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Bí mo bá ní kí wọ́n pa àlọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. Yóò pa àlọ́ ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú orin rẹ̀, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá rán an níṣẹ́, kí ọlọ́jà tó ṣírò ṣéńjì tán, ọmọ náà ti mọ iye tó kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìwé síwájú rẹ̀, òógùn á bò ó. Yóò wo ọ̀rọ̀, yóò wo ojú mi, yóò wá sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu. 'Ilé' lè di 'ilẹ̀', ó sì lè di 'ìlú'. Ọ̀rọ̀ tó tiraka kà ní ìlà kìíní, bó bá tún pàdé rẹ̀ ní ìlà kẹta, àlejò ló tún dà lójú rẹ̀.

Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo nà án. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Àńtí, ẹ má wojú ẹ̀ o, ẹ bá mi nà án dáadáa." Lójú àwa méjèèjì, ọmọ tó gbọ́n tó báyìí tí kò kàwé, agídí ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwa tíṣà, ni mo tó gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, kí òbí mìíràn àti tíṣà mìíràn lè tètè mọ̀ ọ́n.

Dyslexia ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan máa ń pè é ní 'ìṣòro ìwé kíkà' ní Yorùbá, ṣùgbọ́n n óò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé ìṣòro ìwé kíkà pọ̀ lóríṣiríṣi. Ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní tíṣà, ọmọ tí wọ́n ń fi kiri ọjà dípò kí ó wà ní kíláàsì, àwọn yẹn kò lè kàwé torí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ti dyslexia yàtọ̀. Ọgbọ́n ọmọ náà pé, ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kíka ọ̀rọ̀ àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ le fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Dókítà ojú kan ní Jámánì, Rudolf Berlin, ló fún un lórúkọ yìí ní 1887. Ní 1896, dókítà ará Ìlú Ọba kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Láti ọmọ ọdún 7 ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ yìí ní ìwé, kò sì wọlé. Ó mọ ìṣirò, kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀, 'Precy' ló kọ. Tíṣà rẹ̀ ní òun ni ìbá mú jù lọ nílé-ìwé náà bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ọjọ́ tí mo ka ibí yìí, ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ mi ni mo rí.

Kí ló wá ń fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ni, pé ọmọ náà ń rí lẹ́tà lódìkejì. Kì í ṣe ojú. Ibi ìró ni ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn bí ọpọlọ ṣe ń tú ìró ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi obì àbàtà ṣàpèjúwe. Obì àbàtà ní awẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pa yóò wá ojú ibi tí awẹ́ ti pàdé, yóò fi èékánná sí i, yóò là á. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní awẹ́: 'bàtà' pín sí 'bà' àti 'tà', 'bà' fúnra rẹ̀ sì tún pín sí ìró b àti ìró à. Kí ọmọ tó lè kàwé, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ àwọn awẹ́ kéékèèké yẹn, nítorí pé àwọn ni lẹ́tà ń dúró fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí ojú awẹ́ náà láìpẹ́ tí a bá ti ń kọ́ wọn. Ọmọ tó ní dyslexia mú odindi obì lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé obì ni, ó mọ ohun tí a ń fi obì ṣe, ṣùgbọ́n kò rí ojú ibi tí yóò ti là á. Nígbà tí kò ti rí i, lẹ́tà tí a kọ sójú pátákó kò rí ìró tí yóò so mọ́.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi pátákó kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí a bá ṣáà ń bá a sọ̀rọ̀, yóò sọ̀rọ̀. Ìwé kíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún péré ni ọmọ aráyé ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ti Yorùbá pẹ̀lú a, b, d yìí kò sì ju nǹkan bí 200 ọdún lọ. Ọpọlọ kò ní yàrá kan tí a dá sílẹ̀ fún ìwé kíkà. Ńṣe ló ń yá ibi tó wà fún ọ̀rọ̀ sísọ àti ibi tó wà fún ìríran, tó ń la ọ̀nà láàrin wọn. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ nígbà tí ènìyàn ń kàwé rí i pé àwọn ibì kan ní apá òsì ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìwé kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta kébékébé lára ẹni tó ní dyslexia. Ọpọlọ náà kò bàjẹ́. Ọ̀nà yẹn ni kò tètè là.

Ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Nínú ọmọ 100 tí bàbá tàbí ìyá wọn ní in, nǹkan bíi 40 sí 60 ló lè ní in. Ẹ wo bàbá tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tí lẹ́tà bá dé, "Bá mi kà á, mo gbàgbé awò ojú mi" ni. Bóyá òun náà ti jìyà tirẹ̀ ní kékeré. Láàrin àwọn ọmọdé lápapọ̀, iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 40, ìyẹn jẹ́ méjì sí mẹ́rin. Tíṣà tó bá sọ pé òun kò kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ó kọ́ ọ, kò mọ̀ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ti gbé ọmọ lọ sílé aláwo, àwọn mìíràn ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ ìsọ̀yè wò. Ìyè ni ìsọ̀yè ń sọ, kí ohun tí ènìyàn gbọ́ má baà sá lọ. Ọmọ tó mú odindi àlọ́ sórí pẹ̀lú orin rẹ̀, ìyè rẹ̀ kò sá. Owó tí a bá ná sórí ìsọ̀yè kò kan ibi tó ń dùn ún. Kò sí oògùn òyìnbó tó ń wò ó náà, bẹ́ẹ̀ ni awò ojú aláwọ̀ tí àwọn kan ń tà kò ní kọ́ ọmọ ní ìró. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí a kọ́ ọ, lọ́nà tó tọ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́. Yóò máa wà lára rẹ̀ títí dàgbà, ṣùgbọ́n yóò kàwé.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀? Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ó lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó lè máa pe ọ̀rọ̀ gígùn ní àpè-dorí-kodò, tàbí kó máa sọ pé "nǹkan yẹn, nǹkan yẹn" nígbà gbogbo torí pé orúkọ nǹkan kò tètè wá. Kíka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tò láti Àìkú dé Àbámẹ́ta lè le fún un. Lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ẹ ṣọ́ra fún orin a, b, d. Ní kíláàsì wa, gbogbo wa la máa ń ké e pọ̀, ọmọ tó ní dyslexia sì lè ké e ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ, nítorí pé orin ni. Òun náà lè ti há ìwé kíkà àkọ́kọ́ sórí láti ẹnu àwọn yòókù, kí ó máa fi ìka tọ́ ọ bí ẹni pé ó ń kà á. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní àárín ojú ewé. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀.

Ti b tó ń di d, ẹ má tètè fòyà. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló máa ń ṣe é ní ọmọ ọdún 5 tàbí 6, pàápàá báyìí tí a ti ń fi pẹ́ńsùlù lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́, èyí tí inú mi kò dùn sí. Bó bá ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 8, tí àwọn àmì yòókù sì wà níbẹ̀, ó tó àkókò láti wádìí. Kí ẹ sì tó pe ohunkóhun ní dyslexia, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ náà wò ní ilé-ìwòsàn, yálà ní OAUTHC ní Ifẹ̀ níbí ni tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti kékeré lè máà gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin ìró méjì, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró lé dáadáa ni ọ̀rọ̀ èdè, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí níbi jù láìmọ̀. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ tó nǹkan bíi 44. Lẹ́tà c nínú 'cat' kì í ṣe c inú 'city'. Ẹ wo 'though', 'through' àti 'tough', kí ẹ sọ fún mi ohun tí 'ough' ń dún bí. Yorùbá ní lẹ́tà 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní. Ohun tí ẹ bá rí lẹ ó pè. Ní 2001, àwọn onímọ̀ kan fi àwọn tó ní dyslexia láti Ítálì, Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ara wọn. Ohun kan náà ni wọ́n rí nínú ọpọlọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì, tí èdè wọn ń kọ ohun tó bá pè, ń kàwé dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ìṣòro kan náà ni, àmọ́ ojú ọ̀nà kan dán ju èkejì lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá nílé, Yorùbá ló yẹ kó fi kọ́ bí a ṣe ń la obì náà. Kì í ṣe èrò tuntun nílùú yìí. Ní oṣù January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Wọn kò ṣe é nítorí dyslexia, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìbẹ̀rù wa pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Yorùbá náà ní ibi tó le tirẹ̀. Gb jẹ́ lẹ́tà méjì lójú, ìró kan létí. P wa kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ má kọ́ ọmọ ní méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Àmì ohùn tún wà: igbá, igba, ìgbà. Ẹ má kó àmì ohùn lé e lórí lọ́jọ́ kìíní. Dò, re, mí ni kó kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu. Ẹ hum ọ̀rọ̀ náà láìla ẹnu, bí ẹni ń lu gángan, kó sọ èyí tí ẹ pè. Bí etí bá ti gbà á, ọwọ́ yóò fi àmì sí i. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá pe 'ilé' ní 'ulé', ẹ má kà á sí àṣìṣe ìwé kíkà. Èdè ilé rẹ̀ ni. Ẹ kàn fi hàn án pé i ni ìwé ń kọ.

Nílé, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́ tó. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ìwé má tíì sí níbẹ̀ rárá. À-gbà-do, ẹ pàtẹ́ mẹ́ta. Bà-tà, méjì. Bí ó bá ti mọ ìyẹn, ẹ pààrọ̀ ìró: "Pe ajá. Yọ j kúrò, fi p sí i, kí ló dà? Apá. Bó bá jẹ́ r ńkọ́? Ará." Ẹ lè ṣe é lójú ọ̀nà ọjà, tàbí nígbà tí ẹ ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá tí kò mọ ìwé kà rárá lè ṣe é, ohun tí mo sì fẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà gbọ́ nìyẹn: ẹ kò nílò ìwé kí ẹ tó ran ọmọ yín lọ́wọ́ láti kàwé. Bí etí rẹ̀ bá ti ń gbọ́ awẹ́, ẹ mú lẹ́tà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìró rẹ̀ ni kí ẹ pe fún un ṣáájú orúkọ rẹ̀. Kí b àti d má bára wọn dé. Ẹ jẹ́ kí b jókòó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí d tó dé. Ẹ da èlùbọ́ tàbí iyanrìn díẹ̀ sórí àwo pẹrẹsẹ, kó máa fi ìka kọ ọ́, kó máa fi ẹnu pè é.

Àwọn babaláwo Òkè Ìtasẹ̀ ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, ojú wò ó, ẹnu pè é, etí gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni odù 256 ṣe ń wọ orí ọmọ awo. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bíi 1930, dókítà Samuel Orton àti tíṣà kan, Anna Gillingham, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní dyslexia, tó pa ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iyanrìn ló ní agbára níbẹ̀. Títò tí a ń to ìró léra wọn láti èyí tó rọrùn sí èyí tó le, tí a sì ń padà sẹ́yìn síbi tó ti kọsẹ̀, òun ni iṣẹ́.

Ẹ máa ka ìwé sí i létí pẹ̀lú. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á, tàbí ẹ̀yin. Ọgbọ́n inú ìwé kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí yóò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ má sì sọ pé, "Àbúrò rẹ ti ń kà á." Mo ti rí ọmọ tí inú máa ń run ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí inú yẹn kò sì run rí nígbà ìsinmi.

Nílé-ìwé, mo mọ iye ọmọ tó wà níwájú tíṣà kan. Àwọn ohun kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ má pè é dìde kó kàwé sókè níwájú gbogbo kíláàsì láìsọ fún un ṣáájú. Ẹ fún un ní ìlà mẹ́ta lónìí, kó lọ fi í dánra wò, kó kà á lọ́la. Dída ìwé kọ láti ojú pátákó jẹ́ ìyà gidi fún un: kí ó tó wo pátákó tó padà sójú ìwé, ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ẹ jẹ́ kó dà á kọ láti inú ìwé ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í, tàbí kí ẹ kọ ìdajì fún un. Nígbà ìdánwò, ẹ fún un ní àkókò sí i, kí ẹ sì ka ìbéèrè fún un. Mo ti rí ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò, tó jẹ́ pé ìtàn inú ìbéèrè ni kò lè kà. Nígbà tí a kà á sí i létí, ó gbà á tán. Nínú àròkọ, ẹ fún èrò ní máàkì tirẹ̀, kí ẹ fún sípẹ́lì ní tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kó tún kíláàsì kà, tí ẹ wá tún kọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ọdún kan lẹ kàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òbí tó fẹ́ bá tíṣà sọ̀rọ̀, ẹ má gbé e wá bí ẹjọ́. Ẹ lè sọ pé, "Àńtí, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ka ìtàn fún un, ó yé e, ṣùgbọ́n kò lè kà á fúnra rẹ̀. Báwo lẹ ṣe rí i ní kíláàsì?" Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé rẹ̀ jáde, kí ẹ jọ wò ó. Bí ẹ bá rí onímọ̀ tó lè yẹ ọmọ náà wò dáadáa, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èsì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́.

Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ mi ti di àgbà. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, mo sì pàdé rẹ̀ lẹ́bàá Sábó ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹgba tí mo nà án. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àńtí, ó ti tán." Ó wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún márùn-ún, kò lè ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tò, ó sì bi mí bóyá ohun kan náà ni. Mo ní kó mú un wá sílé mi. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ yẹn, mo ní kí bàbá rẹ̀ náà jókòó tì wá.

"À-gbà-do," ni mo wí.

Ọmọ náà pàtẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n jọ tún un pà.